Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Alùpùpù

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aṣòfin ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀yin káńsílọ̀, ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ máa ń fi alùpùpù ṣe ìrónilágbára,

Alùpùpù kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré fún ẹni tí ojú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní abúlé tí mọ́tò kì í dé, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gun alùpùpù kọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ tó sanwó.

Bí a ti ń ṣe é báyìí, láti Ìbàràpá dé Òkè-Ògùn, láti Yewa dé Èkìtì, oríṣi kan náà la sábà máa ń rà, a ó sì pín in fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé. Gìrìpá tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà àti ẹni tí kò ga ju àyà rẹ̀ lọ, ìjókòó kan náà ni wọ́n ń pín kàn. Ẹni kúkúrú sì pọ̀ nínú wa, pàápàá láàárín àwọn obìnrin, àwọn obìnrin yìí kan náà ló sì pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tí à ń torí wọn ra alùpùpù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ ìpínfúnni ṣe máa ń rí. Wọ́n á to alùpùpù ní ìlà-ìlà sí ọgbà ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rá á ṣì wà lára ìjókòó wọn, wọ́n á ti lẹ àwòrán ẹni tó rà á mọ́ táǹkì epo. Wọ́n á pe orúkọ nọ́ọ̀sì kan. Á jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀, á kúnlẹ̀, á gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ayàwòrán á ní kó gorí rẹ̀ kóun yà á. Á gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ò ní kọjá ìjókòó. Ẹnì kan á bá a di ọwọ́ alùpùpù mú, ẹlòmíì á dì í lẹ́yìn, ó di orí ìjókòó. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á máa wá ilẹ̀, tọ̀tún á wà ní òfuurufú. Ayàwòrán á ya fọ́tò náà láti ìbàdí sókè. Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni yóò bá a gun alùpùpù lọ sílé.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí yín. Kò pẹ́, alùpùpù náà á ti wà ní ibùdókọ̀, tó ń gbé èrò. Nọ́ọ̀sì á ti padà sẹ́yìn ọlọ́kadà, tí ń fi owó àpò ara rẹ̀ lọ síbi tí ìjọba rán an. Àwọn tó ń wò ó á wá sọ pé, “Ṣé ẹ rí i, obìnrin ò ṣeé ra máṣíìnì fún.” Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù kò ba obìnrin náà, ọ̀lẹ kọ́ ló sì ṣe é. Ẹni tó lọ ra nǹkan kò bi í léèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé obìnrin tàbí ẹni kúkúrú kò bá alùpùpù mu, kó gba Ìdírókò kọjá sí Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ àti ní Kutọnu, obìnrin tó ń fi alùpùpù lọ sọ́jà, lọ síbi iṣẹ́, tó ń fi gbé ọmọ lọ síléèwé, kì í ṣe ohun ìyanu. Ìró ni ọ̀pọ̀ wọn ń ró. Inú oríṣi tí wọ́n ń gùn ni ọ̀rọ̀ wà: èyí tí àárín rẹ̀ ṣófo láàárín ọwọ́ àti ìjókòó, irú tí a máa ń pè ní máṣíìnì lédíìsì níbí. Téèyàn bá fẹ́ gùn ún, kò ní ju ẹsẹ̀ sókè sẹ́yìn. Á kàn gba iwájú ìjókòó wọlé, á jókòó. Ara àwọn èèyàn yẹn kò yàtọ̀ sí tiwa, ẹbí wa ni wọ́n.

Kí alùpùpù máa tẹ̀lé ara ẹni tó ń gùn ún, èrò àtijọ́ ni. Ní ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda ní Japan gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Super Cub jáde. Takeo Fujisawa, alábàáṣiṣẹ́ Soichiro Honda, ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣe ohun tí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà, tí ọwọ́ kejì á fi di abọ́ oúnjẹ mú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí kò nílò ọwọ́ òsì. Wọ́n fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí ẹni tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gùn ún láìní ìdààmú. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, iye irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún, kò sì tíì sí ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì kankan tí wọ́n ṣe tó o láyé. Ara èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n tó dá irin. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n wá ṣàlàyé ohun tó ń mú kí alùpùpù ga tàbí kó rẹlẹ̀ fún ẹni tó ń gùn ún, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí á ṣáà ti wá èyí tó kéré ni.

Àkọ́kọ́ ni gíga ìjókòó, ìyẹn láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó. Ó máa ń wà nínú ìwé tó bá alùpùpù wá. Super Cub C125 tòde òní jẹ́ sẹ̀ntímítà 78. Yamaha XTZ125, irú alùpùpù gíga tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà oko, jẹ́ 84. Sẹ̀ntímítà mẹ́fà dà bí ohun tí kò tó nǹkan lórí ìwé, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju 72 lọ, òun ni ìyàtọ̀ láàárín kí iwájú ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa àti kí ọmọ ìka nìkan máa yọ́ ilẹ̀ tẹ̀.

Ìkejì ni fífẹ̀ ìjókòó, èyí tí ìwé kì í sọ. Ìjókòó tó fẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, máa ń ya itan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ tí ì bá kan ilẹ̀ á sì kúrú. Alùpùpù méjì lè ga bákan náà lórí ìwé, kí ẹsẹ̀ ẹni kan náà kan ilẹ̀ lórí ọ̀kan, kó má kàn án lórí èkejì. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí ẹni náà gùn ún wò. Ìwé nìkan ò tó.

Ìkẹta ni ṣọ́ọ̀kù. Téèyàn bá jókòó, ṣọ́ọ̀kù á wọlé díẹ̀, alùpùpù á sì rẹlẹ̀. Èyí tí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ le kì í fẹ́ wọlé lábẹ́ ẹni tí kò sanra, àwọn tí wọ́n sì ṣe láti máa ru èrò méjì mẹ́ta tàbí àpò gààrí, líle ni ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn wọn máa ń le. Ẹni tí kò ga, tí kò sì sanra, á wá jẹ ìyà méjì pọ̀.

Ìkẹrin ni ìwúwo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi ìjókòó rírẹlẹ̀ nìkan tàn yín. Honda Rebel 500 ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ: ìjókòó rẹ̀ kò ju sẹ̀ntímítà 69 lọ, ọ̀pọ̀ ẹni kúkúrú lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 190, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò símẹ́ǹtì mẹ́rin. Super Cub kò ju nǹkan bíi kílò 110 lọ. Tí alùpùpù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹrẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹni tó wà lórí rẹ̀ á gbé e dúró tàbí á bá a ṣubú. Fún iṣẹ́ abúlé, èyí tó fúyẹ́ tó sì ga díẹ̀ sàn ju èyí tó rẹlẹ̀ tó sì wúwo lọ.

Ìkarùn-ún ni ẹrù. Òṣìṣẹ́ ìlera kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, yìnyín á wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà dè é mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kúlà yìí ló ń dínà ẹsẹ̀. Ẹni tó ga á ju ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ga ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, iwájú ló ní láti gbà, níbi tí táǹkì ti ga tí kò sì sí àyè. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó ní abúlé púpọ̀ láti dé lọ́jọ́ kan, tí yóò máa gùn, tí yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Alùpùpù tí àárín rẹ̀ ṣófo ni oògùn èyí.

Báwo ni a ṣe ń wọn ẹsẹ̀? Kò gba owó, kò sì gba ọ̀mọ̀wé. Ẹni náà á bọ́ bàtà, á fẹ̀yìn ti ògiri, á ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Á fi ìwé tó nípọn sáàárín itan, bí Bíbélì tàbí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, á fà á sókè ṣinṣin dé ibi tí kò ti lè lọ mọ́, bí ẹni pé orí ìjókòó ló wà. Ẹlòmíì á fi téèpù wọn ún láti ilẹ̀ dé orí ìwé náà. Nọ́ńbà yẹn ni kí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Tí gíga ìjókòó kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju nọ́ńbà náà lọ, tí ìjókòó kò sì fẹ̀, ẹni náà á lè gbé e dúró pẹ̀lú bàtà tó nípọn lẹ́sẹ̀. Tó bá jù ú lọ gan-an, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ tún un ṣe.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí títún un ṣe, torí mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa sọ pé Boxer àti TVS ni gbogbo mẹkáníìkì mọ̀, pé kò sí abúlé tí èèyàn ò ti ní rí páàtì wọn, pé máṣíìnì lédíìsì kì í lágbára tó lórí òkè. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò sì ní kí ẹ lọ ra irú Vespa tí táyà rẹ̀ kéré, tí kòtò Òkè-Ògùn máa gbé mì. Táyà irú Super Cub ní tirẹ̀ ga tó ti alùpùpù tí a mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rà, tí ó jẹ́ Boxer náà ni, a lè mú un rẹlẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tímútímú ìjókòó. Ẹni tó ń ṣe síìtì mọ́tò lè ṣí awọ rẹ̀, kó gé fóòmù rẹ̀ díẹ̀ lókè, kó sì gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níwájú, lẹ́bàá táǹkì, títí ìjókòó á fi tínrín níbẹ̀. Gígé ẹ̀gbẹ́ yìí máa ń ṣe é lóore ju gígé òkè lọ, torí fóòmù tó bá ti tán lókè á jẹ́ kí irin máa gún èèyàn ní ìdí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìdí ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjèèjì. Òrùka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn. Tí wọ́n bá yí i sí ipò tó rọ̀ jù, alùpùpù á wọlẹ̀ díẹ̀ sí i lábẹ́ ẹni tí kò sanra. Kí ọ̀tún àti òsì wà ní ipò kan náà, kí wọ́n sì rántí yí i padà lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo.

Ó tún ku ohun tí mẹkáníìkì lè ṣe, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ó lè tú bóòtù tó di irin iwájú méjèèjì mú, kó fà wọ́n sókè díẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n wà. Iwájú á rẹlẹ̀. Tó bá fa iwájú nìkan, ọwọ́ alùpùpù á máa yí kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá fa ẹ̀yìn nìkan wálẹ̀, iná iwájú á máa wo ojú ọ̀run, ọwọ́ á sì wúwo láti yí. Kó mú iwájú àti ẹ̀yìn wálẹ̀ bákan náà, kó sì wò ó pé táyà ò ní máa kan mọ́gáàdì nínú kòtò. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni sítáńdì ẹ̀gbẹ́. Tí alùpùpù bá ti rẹlẹ̀, sítáńdì á gùn jù fún un, á máa dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sì taari rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí wẹ́dà gé e kúrú díẹ̀ kó tún un jó pọ̀.

Ọwọ́ náà ńkọ́? Ẹni tí kò ga, ìka rẹ̀ kì í sábà gùn. Nọ́ọ̀tì kékeré wà lára wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti ti bíréèkì, tí wọ́n fi ń sún ibi tó ti ń mú mọ́ ọwọ́. Títún un ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì ní àǹfààní láti yàn, ẹ yan èyí tó ń fi bọ́tìnnì ṣáná. Kíìkì máa ń ga fún ẹsẹ̀ kúkúrú. Tó bá jẹ́ kíìkì nìkan ló ní, kí ẹni náà gbé e sórí sítáńdì àárín kó tó ta á.

Alùpùpù ti bára mu báyìí, ó ku ẹni tó ń gùn ún. Ọ̀pọ̀ ẹni kúkúrú ló gbà pé tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ò bá tẹ ilẹ̀, ó tán. Ẹsẹ̀ kan tó. Téèyàn bá fẹ́ dúró, kó sún ìdí sí apá òsì ìjókòó, kó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kó tó dúró ni kó ti wo ibi tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ sí. Lórí ọ̀nà tó dagun sí ẹ̀gbẹ́, apá tí ilẹ̀ ti ga ni kó fi ẹsẹ̀ sí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ sí ihò, ibẹ̀ ló máa bá alùpùpù lọ. Kó má sì gbé imú alùpùpù kọjú sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú ògiri, torí alùpùpù kò ní jíà ẹ̀yìn, kò sì ní sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ á fi tì í padà. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní gba ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lórí pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́, ẹ sì lè bẹ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tó wà nítòsí yín kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́. Àjọ Riders for Health, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Lesotho àti ní Gambia, kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọ́n ṣe ń gùn ún àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbéra. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àwa máa ń fún wọn.

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń fi owó ara yín rà á, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ẹ má tijú níwájú ẹni tó ń tajà. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi gùn ún lọ síbẹ̀. Ẹ gùn ún, ẹ gbé e kúrò lórí sítáńdì fúnra yín, ẹ tì í lọ síwájú kí ẹ tì í padà. Tí ó bá ní òun á bá yín dì í mú, ẹ sọ fún un pé kó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, torí kò ní bá yín délé. Tó bá ní “á mọ́ yín lára”, ẹ bi í léèrè ohun tó máa mọ́ yín lára: ìjókòó kò ní rẹlẹ̀ sí i, ẹ̀yin náà kò sì ní ga sí i.

Ẹ̀yin aláṣẹ, owó ni ẹ máa fi dá mi lóhùn. Ẹ máa ní ríra oríṣi méjì á gbówó lórí, pé kọngiráátọ́ máa ń dín owó tó bá jẹ́ oríṣi kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka alùpùpù tó ti di ọ̀kadà mọ́ ọn. Ẹ ka ọmọ ọwọ́ tí kò rí abẹ́rẹ́ gbà nítorí pé nọ́ọ̀sì ò rí ọlọ́kadà tó máa gbé e wọ inú oko lọ́jọ́ òjò. Ẹ ka owó ilé ìwòsàn ẹni tí alùpùpù ṣubú lù ní orí ìdúró, níbi tí kò tilẹ̀ ti ń sáré. Gígé tímútímú àti ṣíṣe sítáńdì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé iṣẹ́ ríra alùpùpù síta, ẹ jẹ́ kí nǹkan mẹ́rin wà nínú ìwé àdéhùn. Kí gígùn ẹsẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó máa gbà á. Kí kọngiráátọ́ gbé oríṣi méjì ó kéré tán wá, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí àárín rẹ̀ ṣófo, kí àwọn tó máa gbà á gùn wọ́n wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí owó títún ìjókòó, ṣọ́ọ̀kù àti sítáńdì ṣe wà nínú iye tí ẹ máa san, pẹ̀lú akoto tó bá orí oníkálukú mu. Kí ẹ̀kọ́ gígùn ún ṣáájú ọjọ́ ìpínfúnni.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ ṣe ayẹyẹ yín bó ṣe wù yín. Ẹ lu ìlù, ẹ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fa kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kó gùn ún jáde ní gééètì, níṣojú yín. Èyí tí kò bá lè gùn jáde, ẹ dá a padà fún kọngiráátọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì sanwó rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ìlú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn